Ojú Ìwé Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìtàn Hesvin

Òórùn panla ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú ilé yẹn. Ní Suwanee ni o, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gé koríko iwájú ilé bí ẹni ń gẹ irun orí, níbi tí o ti lè rìn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán láìrí ẹni tí yóò kí ọ. Ọmọbìnrin bàbá tí mo fẹ́ tọ́jú ló ṣílẹ̀kùn fún mi, mo sì dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Òórùn panla tí wọ́n rẹ sómi ni, òórùn kan náà tó máa ń gba ilé wa kan lọ́jọ́ tí màmá mi bá fẹ́ se ẹ̀fọ́ fún àlejò pàtàkì. Mo rò pé ọmọ Nàìjíríà kan ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi. Àṣé bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n rẹ ẹ́. Ọmọ Nọ́wè ni, ilẹ̀ tí panla ti ń wá, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo sọ fún un pé à ń jẹ ẹja náà nílé wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìwọ kì í ṣe àlejò níbí."

Jẹ́ kí n sọ bí àwa náà ṣe dé Atlanta. Físà ìyàwó mi ni mo tẹ̀ lé wá. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ti ń dúró dè é kí bàálù wa tó balẹ̀. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìtàn àti jọ́gíráfì, mo dé ibí tán, kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo mọ̀. McDonough, ìlú kan nítòsí Atlanta, ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó gùn débi pé o ò ní rí ògiri òdìkejì. Páálí ni mò ń gbé, láti ìbẹ̀rẹ̀ shift dé ìparí, ẹ̀rọ kan sì wà lọ́wọ́ mi tí yóò máa ké bí mo bá dúró mí. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ẹ̀yìn mi kọ̀. N kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara mi. Aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú àgbàlagbà, agency tó gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú kiri ilé, ló sì rán mi lọ sí Suwanee. Mò ń wẹ̀ fún bàbá olóyìnbó, mò ń wọṣọ fún un, mò ń fún un lóògùn. Bí mo bá pe ilé, n kò sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ti sinmi, mo sì ti ń sùn bí èèyàn.

Bàbá ti súnmọ́ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín fèrèsé àti ògiri, ṣùgbọ́n kò lè rí lẹ́tà mọ́, bó ti wù kó tóbi tó. Iyè rẹ̀ ni kò ṣú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, ó bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí n tó wá sí ìlú yìí. Mo sọ fún un. Ó na ọwọ́ títí ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní, "Tíṣà, kí n tó kú, mo fẹ́ kí ẹnì kan kọ ìtàn Hesvin sílẹ̀ fún mi. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn ọmọ mi kò gbọ́ èdè mi." Láti ọjọ́ yẹn kò tún pè mí ní orúkọ mìíràn mọ́. Tíṣà ni. Bí o bá ti fi oṣù mẹ́jọ jẹ́ nọ́ńbà lára ẹ̀rọ, wàá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè ṣe nínú àyà ọkùnrin.

Hesvin jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kan ní Nọ́wè, oko àti igbó ni gbogbo rẹ̀, adágún tóóró kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ti kúrò lórí àwòrán ilẹ̀. Bí bàbá ṣe là á fún mi, kí ó tó di orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, orúkọ ìjọ ni. Kí ó sì tó di orúkọ ìjọ, orúkọ oko ẹnì kan ni, oko tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ sí. Ọ̀pọ̀ orúkọ ìlú wọn ló bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Nínú èdè wọn àtijọ́, ìlàjì àkọ́kọ́ ń jẹ́ ẹṣin, ìlàjì kejì sì ni ilẹ̀ koríko tí ẹran ti ń jẹ̀. Pápá Ẹṣin. Lẹ́tà kan ti wà láàárín tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó bí bàbá. Ọ̀mọ̀wé kan láti olú ìlú wọn ti kọ ọ́ nígbà kan rí pé orúkọ odò ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé kò kan ẹṣin rárá. Bàbá kò dárí ji ọ̀mọ̀wé yẹn. "Odò wo?" ni yóò máa pariwo. "Ibo ló wà? Ṣé ẹṣin ló mu ún gbẹ ni?" Mo sọ fún un pé òpìtàn gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì. Ó rò ó títí, ó ní, "Ó dáa, kọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kọ tèmi ṣáájú."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo máa ń gbé kọfí rẹ̀, dúdú kirikiri láìsí ṣúgà, sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè kàn án, màá gbé kọ̀mpútà lé itan, òun á sì bẹ̀rẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo oko tó wà ní Hesvin àti ìtumọ̀ wọn. Ó mọ ilé tí iná jó, ó mọ ẹni tí yìnyín tó bo adágún nígbà òtútù já mọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń lọ sí ìsìn. Àpótí ìwé kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Màá ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, fóònù mi á túmọ̀ rẹ̀ ségesège, bàbá á sì tún un ṣe. Ó kọ́ mi ní bí mo ṣe lè pe orúkọ náà, nítorí 'f' ni mò ń fi sí àárín rẹ̀. Ìgbà mìíràn a máa gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Èmi náà sọ tiwa fún un. Mo sọ bí ìjọba ṣe so ìlú wa mọ́ ìlú kejì tó múlé tì wá láti fi dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, tí ìjà sì bẹ́ lórí orúkọ ìlú tí yóò jẹ́. Wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ìtàn rẹ̀ wá. Bàbá mi ni àwọn àgbà ìlú wa gbé ìwé lé lọ́wọ́, nítorí ọ̀gá iléèwé ni, pé kó kọ ọ́ pé àwa la kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó. Bàbá mi lọ wádìí lọ́wọ́ àwọn arúgbó, ó rí i pé àwọn ará ibi kejì ló fún wa nílẹ̀, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún ẹlòmíràn. Títí tó fi kú, àwọn ilé kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé bó bá kí wọn, wọn kì í dáhùn. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, bàbá olóyìnbó bi mí pé, "Kò yí i padà?" Mo ní rárá. Ó ní kí n gbé kọ̀mpútà kúrò lórí itan. Mo gbà pé ìgbà yẹn ló pinnu pé òun yóò sọ ohun tó fi pamọ́ nípa Hesvin fún mi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni. Àwa méjì péré la wà nílé, síbẹ̀ ó ní kí n ti ìlẹ̀kùn yàrá. Ó ní lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké pọ̀. Hesvin kò lè bọ́ níbẹ̀. Ìlú ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n fẹ́ so ó mọ́. Orúkọ nìkan ni nǹkan tó kù tí wọ́n ṣì lè jà fún. Àwọn ará Hesvin ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ló dàgbà jù, kí wọ́n fi orúkọ tiwọn pe gbogbo rẹ̀, tàbí ó kéré tán kí wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni mẹ́fà ní kí àwọn dúró lórí orúkọ, ẹni mẹ́fà ní kí àwọn fi sílẹ̀. Ìbò alága ni yóò là á. Bàbá rẹ̀ ni alága.

"Gbogbo èèyàn ló mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ," ni bàbá wí. "Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni yóò lọ." Bàbá rẹ̀ nawọ́ fún àwọn tó fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀. Obìnrin kan ké nínú gbọ̀ngàn bí ìgbà tí wọ́n túfọ̀ fún un. Nígbà tó máa di oṣù mẹ́ta, wọ́n ti fi alága náà ṣe akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì tuntun ní ìsàlẹ̀ adágún. Àwọn èèyàn ní ọgbọ́n rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, ọmọ rẹ̀, ẹni ogún ọdún, bàbá yìí fúnra rẹ̀, ló fi tápúráítà tẹ lẹ́tà tí alága kọ sí àwọn ará ìsàlẹ̀ náà, tó fi rán wọn létí ohun tí wọ́n jọ sọ nípa ipò yẹn. "Mo jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn," bàbá ní, "mo mọ̀, n kò sì sọ nǹkan kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo wọkọ̀ ojú omi. Kọ ọ́ bó ṣe rí, Tíṣà. Kọ tèmi náà mọ́ ọn."

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé kan péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á fún un, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì yí padà. Mo ti kọ ọ́ pé wọ́n yí bàbá rẹ̀ lọ́kàn padà. Ó mi orí. "Kò sẹ́ni tó yí i lọ́kàn padà. Ó tà á ni." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń ṣètò títẹ ìwé náà. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, Sátidé ló máa ń wá, kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Àwọn ará Hesvin tó kù ní Nọ́wè fẹ́ fi òkúta ìrántí bàbá-bàbá rẹ̀, alága náà, sí ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà, òun ni yóò sì kó ìwé lọ síbẹ̀. Sátidé kan, mò ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé kọ̀mpútà mi dání, ó ti ìlẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló sọ èyí fún ọ?"

"Bàbá ni, Ma."

"Ọpọlọ Papa kò pé mọ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ọpọlọ wọn pé, Ma."

Ó wo ojú mi, omi sì lé sí i lójú. Ó ní ọ̀dọ̀ bàbá-bàbá òun ní Nọ́wè lòun ti ń lo ìsinmi nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé bàbá àgbà náà ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tukọ̀, pé kò ní ṣojú òun kí wọ́n ka irú èyí síwájú òkúta rẹ̀. N kò lè sọ pé ènìyàn burúkú ni. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ojú ìwé yìí kò ní wọ inú ìwé. Papa kò lè ríran, kò pọn dandan kó mọ̀. Inú mi dùn sí bí o ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó di pé mo pe agency pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn ránṣẹ́."

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, bàtà ọsibítù ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹun lórí ìdúró. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ìtàn òyìnbó wo ló kàn wá? Ẹni tó ta orúkọ ti kú, àwọn tó rà á ti kú. Ṣé ẹ fẹ́ padà sí warehouse ni? Èmi ni mo máa ń fi gel pa ẹ̀yìn yẹn fún yín o, èmi ni mo mọ bí ẹ ṣe ń ké." Mo rántí bàbá mi lálẹ́ yẹn, mo sì bínú sí i. Mo sọ fún ara mi pé ó rọrùn fún un, ilé ara rẹ̀ ló ń gbé, oko rẹ̀ ló ti ń jẹun.

Ọjọ́ Ajé ni mo yọ ọ́. Bàbá wà nínú àga rẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mi lọ, ó ń tòògbé. Yíyọ nìkan kọ́ ni mo ṣe. Mo tún gbólóhùn tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ṣe kí ojú àpá má baà hàn. Mo kọ ọ́ pé ìjọba ló pa orúkọ náà rẹ́. Mo wá fi orúkọ gbogbo àlùfáà tó ti sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Hesvin dí àlàfo náà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ìwé láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, n kò rò pé mo tíì ṣe èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìwé náà dé. Bàbá gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ ológbò. Ó ní kí n ka ibẹ̀ fún òun. Kò sọ ibi tó jẹ́, n kò sì bi í. Mo ṣí ìwé síbi orúkọ àwọn àlùfáà, mo sì ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú "ó tà á", n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi ìka wá etí ojú ìwé náà, ó ṣẹ́ ẹ, ó sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó parí." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Ìyá àgbà kan máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá ń lọ wá kí i ní Ọjọ́bọ̀, ó máa ń gbé búrẹ́dì tó fúnra rẹ̀ yan wá fún un. Mò ń ge búrẹ́dì náà lọ́wọ́ ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá: "Ṣí ibi tí mo ṣẹ́ létí yẹn. Kà á sókè fún mi. Mo fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ ọ." Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Mo lè sáré jáde. Mo lè da kọfí nù, kí n pariwo pé mo jóná. N kò kúrò lójú kan. Ìyá náà tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn rere ka orúkọ àwọn àlùfáà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá kò dá a dúró. Nígbà tó kà á tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní orúkọ àwọn èèyàn rere ni.

Lẹ́yìn tí ìyá náà lọ, mo gbé oògùn bàbá wá. Kò kọjú sí mi. Ó ní, "O kà á dáadáa." Ó wá fi orúkọ mi pè mí, orúkọ àbísọ mi, ó pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, ó sì ní kí n bá òun gbé kọfí wá.

Oṣù méjì la fi wà bẹ́ẹ̀. Mò ń wẹ̀ fún un, mò ń wọṣọ fún un. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà gbogbo bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò fún mi láyè tí mo lè gbà wọlé. Kò fẹjọ́ sun ọmọ rẹ̀, kò sì lé mi. Bí mo bá bi í ní nǹkan kan nípa Hesvin, á ní òun ti gbàgbé. Ó kú lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi ìsìnkú, ọmọbìnrin rẹ̀ dì mọ́ mi, ó sunkún sí èjìká mi, ó fún mi ní ìwé kan lára àwọn tó tún tẹ̀. Orúkọ mi wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà, òun ló ní kí wọ́n fi sí i, láti fi yẹ́ mi sí. Agency kò rí ilé mìíràn rán mi lọ. McDonough ni mo tún ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Òkúta náà ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin náà fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù iṣẹ́ ló mú mi ṣe é, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ẹ̀yìn mi ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ òótọ́, lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ mi nídìí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ojú ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi í ránṣẹ́ sí í-meèlì ara mi kí n tó yọ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Hesvin ní àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó láti fi ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde. Ohun tó wá yé mi, tí mo sì ń sọ fún ọ, ni pé ẹ̀rù ló máa ń bẹ̀rẹ̀ irọ́, ìtìjú ló máa ń tọ́ ọ dàgbà. Bí mo bá fi ránṣẹ́, àwọn ará ibẹ̀ yóò fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sí nínú ìwé, màá sì ní láti sọ pé èmi ni mo yọ ọ́.